Aṣọ Tí Bàbá Ń Wọ̀ Gun Kẹ̀kẹ́ Nínú Òtútù

                                                  Koivurinne 14,
                                                  Oulu,
                                                  Finland.
                                                  Ogúnjọ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2019.

Tuija, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ méjèèjì ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí àbúrò ti ń wa mọ́tò. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó sì ṣọ́ àwọn tó ń bá a pàdé lọ́nà. Ẹ kú oòrùn lọ́hùn-ún o. Àwa náà wà, bí èèyàn ṣe ń wà nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni. Ilẹ̀ kì í mọ́ títí aago mẹ́wàá fi ń lọ lù, nígbà tó bá sì fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ti tún ṣú. Pertti ọkọ mi ní kí n kí ọ. Orúnkún ń dùn ún, àmọ́ kò mú un lẹ́nu, ariwo rẹ̀ ṣì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní tèmi, ó rẹ̀ mí, Tuija. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kó lọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́jọ́rú. Mi ò fi fóònù dá ọ lóhùn torí mo mọ ara wa. Kó tó pé ìṣẹ́jú méjì a ó ti máa pariwo mọ́ra wa, ìwọ á ní nǹkan ń jóná lórí sítóòfù, o ó sì pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé ni kò ṣeé já lu. Torí náà, wá ibi jókòó sí, kí o kà á dé ìparí kí o tó bínú.

Ohun méjì lo béèrè. Àkọ́kọ́, o fẹ́ mọ ohun tí o máa wọ̀ tí o bá dé lóṣù Èrèlé, kí o lè máa gun kẹ̀kẹ́ bá mi kiri. Èkejì, o ní ṣé mo ti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Bàbá bí a ṣe jọ fẹnu kò sí i. Jẹ́ kí n ti ibi tó rọrùn bẹ̀rẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì tí o ní o ti rà yẹn, èyí tó kún fún ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tó sì gùn dé orúnkún, ọgbọ̀n ọdún ní Sípéènì ló rà á, kì í ṣe ìwọ. Tí a bá ń lọ tan àbẹ́là sí sàréè ìyá àgbà, o lè wọ̀ ọ́, torí ìdúró la ń dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé e gun kẹ̀kẹ́, kí o tó dé orí afárá, o ó ti làágùn bí ẹni jókòó nínú sáúnà. Iná pupa á wá dá ọ dúró, afẹ́fẹ́ á fẹ́ wá láti orí omi, gbogbo òógùn yẹn á sì tutù mọ́ ọ lẹ́yìn. Lórí kẹ̀kẹ́, òtútù kọ́ ló ń fìyà jẹ èèyàn, òógùn ni. Àbí o ti gbàgbé ohun tí Bàbá máa ń sọ fún wa ní gbogbo àárọ̀ ilé ìwé? "Tí ara rẹ bá ti gbóná lẹ́nu ọ̀nà, padà wọlé kí o lọ bọ́ ọ̀kan." Ó yẹ kí o gbọ̀n díẹ̀ tí o bá jáde. Tí o bá fi ẹsẹ̀ wà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ara á ti gbà á.

Èyí tó máa kan awọ ara rẹ ni kí o náwó sí. Irun àgùntàn ni kó jẹ́, kó fẹ́lẹ́, kó sì fún mọ́ ọ lára. Má gbé aṣọ òwú wá bá mi níbí o. Òwú á mu òógùn tán, á sì dì í mú, kò ní jẹ́ kó lọ. Irun àgùntàn ní tirẹ̀, kódà tó bá rin, ó ṣì ń móoru. Súwẹ́tà kan ló máa tẹ̀lé e, èyí tí kò nípọn. Lẹ́yìn náà ni jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ò lè gba inú rẹ̀ kọjá, tí o lè ṣí síìpù ọrùn rẹ̀ tí o bá ń gun òkè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Itan àti orúnkún ló ń kọ́kọ́ pàdé afẹ́fẹ́, torí náà iwájú ṣòkòtò rẹ ni kó lágbára, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Bàtà rẹ, kó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ lọ díẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo máa kì sínú bàtà tó há, o ó wá máa sunkún pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ ti kú. Ìbọ̀wọ́ oníka márùn-ún náà, fi í sílẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí àwọn ìka jọ ń gbé inú yàrá kan náà ló dáa, kí wọ́n máa mú ara wọn gbóná. Mo ti hun ọ̀kan fún ọ. Àwọ̀ rẹ̀ ò dáa, òwú irun àgùntàn tó ṣẹ́ kù nílé ni mo fi hun ún, má bá mi ṣàròyé.

Ó tán. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ẹnu Bàbá ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, nínú yìnyín, nínú ìjì. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kejì le fún mi láti kọ.

O béèrè bóyá mo ti gba kẹ̀kẹ́ náà. Mo gbà á. Mo sì ti dá a padà. Má tíì pariwo.

O mọ̀ pé láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tí a ti gbé Ìyá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, ojoojúmọ́ ni Bàbá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ kí i. Kìlómítà méje ní àlọ, méje ní àbọ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. O mọ̀ nípa ìṣubú oṣù Bélú, nítòsí afárá, tí egungun ìhà méjì fi sán. Dókítà sọ fún èmi fúnra mi pé tó bá tún ṣubú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ò ní lè ṣèlérí nǹkan kan. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Kí n tó lọ dáná fún irinwó ọmọ nílé ìwé, mo ti lọ yọjú sí i. Tí mo bá dé, mo tún lọ. Ilé rẹ̀ ni ìkejì sí tèmi, àmọ́ tí ó bá rẹ èèyàn, ilé kejì jìnnà.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò yé mi. Mo ti ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn mẹ́ta fún un. Tí mo bá wo orí okùn aṣọ rẹ̀, ẹyọ kan péré ni mo máa ń bá níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dé láti ọ̀dọ̀ Ìyá, mo bá a bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, kí ni mo rí? Ṣẹ́ẹ̀tì òwú! Bàbá wa, tó máa ń bọ́ òwú lọ́rùn wa bí ẹni bọ́ ejò! Mo bá a wí bí ọmọdé. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé òwú burú ju ìhòòhò lọ." Ó ní, "Òótọ́ ni." Ó sì lọ gbé kọfí kaná.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, òtútù wà ní mẹ́tàlélógún sábẹ́ òdo. Èmi àti òun pàdé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ètè rẹ̀ ti dúdú, ọwọ́ rẹ̀ ò lè dá síìpù ṣí. Èmi ni mo bá a ṣí i. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún wàràwàrà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Tuija, ìwé ìròyìn ni. Ojú ewé mẹ́rin, ó fi wé àyà àti ẹ̀yìn lórí awọ lásán, ó sì fi okùn so ó. Kò sí ṣẹ́ẹ̀tì, kò sí súwẹ́tà.

Mo ní, "Bàbá, kí lèyí?"

Ó ní, "Ìwé ìròyìn ni."

"Mo rí i pé ìwé ìròyìn ni. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín dà?"

"Ó wà."

"Ó wà níbo?"

"Ó wà níbi tó wà."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí, mo sunkún níbẹ̀. Mo ní ó ti tán. Mo ní orí Bàbá náà ti ń tẹ̀ lé ti Ìyá lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pè ọ́ tí a fi jọ sọ ọ́ pé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó di pé wọ́n rí i tó dì gbagidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n tó rí ọkàn láti ṣe é. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò bá mi jà. Nígbà tí mo ń gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde, ó di ilẹ̀kùn mú fún mi kó má bàa gbá mi. Ó ní, "Fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní atẹ́gùn. Ó ń jò díẹ̀díẹ̀." Ìyẹn nìkan ló sọ. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Mo ra káàdì bọ́ọ̀sì fún un. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí, ibẹ̀ ló sì wà. Ọjọ́ Ajé kò lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò lọ. Ojú fèrèsé ló jókòó sí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wọ bọ́ọ̀sì, ó ní bọ́ọ̀sì tutù. Bọ́ọ̀sì tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń bọ́ fìlà nínú rẹ̀! Mo mi orí, mo ní ẹ ò rí nǹkan, ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Mo sọ fún Pertti pé a ṣe ohun tó tọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ọbẹ̀ ẹ̀wà pí nílé ìwé wa, o ṣì máa rántí. Mo ń ro ìkòkò ńlá kejì nígbà tí fóònù mi dún. Sointu ni, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń tọ́jú Ìyá, ọmọ bí ọgbọ̀n ọdún, oníwà pẹ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an bí ẹni tó sá pa mọ́ síbì kan.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, ṣé ara Bàbá ò yá ni?"

Mo ní ara wọn yá, pé èmi ni mo gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó ní, "Yéè! Ẹ̀gbọ́n, Ìyá ò jẹun gidi láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ń sọ pé òtútù ń mú wọn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta la fi bò wọ́n, wọ́n ní òtútù ń mú wọn."

Mo ní, ṣé yàrá wọn ò gbóná ni. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ aṣọ alápá péńpé nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ́wọ́. Láti ìparí oṣù Bélú ni Bàbá ti ń ṣe é. Tó bá dé, á wọ ilé ìwẹ̀ lọ, á bọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn tó wà lára rẹ̀, èyí tí kìlómítà méje ti mú gbóná, á sì wọ̀ ọ́ fún Ìyá kí ooru tó kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí Ìyá ti wọ̀ láti àná, tí ọbẹ̀ ti dà sí, á ká a sínú báàgì, á lọ fọwọ́ fọ̀ ọ́ nílé. Nígbà tí òtútù le sí i, ó fi súwẹ́tà kún un, ó ń fi wé e lẹ́sẹ̀. Sointu ló máa ń tọ́jú àwọn aṣọ náà sábẹ́ ìrọ̀rí nírọ̀lẹ́ kí àwọn afọṣọ má bàa rí wọn. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ̀gá òun.

Ọbẹ̀ jóná lọ́wọ́ mi. Òórùn rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ṣì dúró síbẹ̀.

Torí mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi í pamọ́, Tuija. Lóṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ìyẹn ni oṣù àkọ́kọ́ Ìyá níbẹ̀, wọ́n fọ kádígàn eérú rẹ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ tó kù nínú omi gbígbóná, ó sún kì di aṣọ bèbí. Wọ́n wá gbé ìwé kan fún mi: aṣọ tó lè fara da omi gbígbóná nìkan ni kí ẹbí máa mú wá, kí irun àgùntàn kankan má wọ ilé náà mọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, lójú Bàbá. Mo sì bá a sọ ọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ ti rí i o, mo ti fọwọ́ sí i."

Nígbà tí mo parí iṣẹ́, mi ò lọ sílé Bàbá. Mo ní èmi náà lè ṣe é. Mo yà sílé, mo wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ irun àgùntàn méjì léra wọn, mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Mọ́kànlélógún sábẹ́ òdo. Mo wà á bí ẹni tí wọ́n ń lé, kó lè gbóná dáadáa. Nígbà tí mo dé ilé ìwẹ̀ wọn, ooru ń jáde lára aṣọ náà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò. Mo gbé e lọ bá Ìyá lórí àga rẹ̀.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sójú, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó rọra fi í lé mi lọ́wọ́ padà. O mọ̀ pé kò dá mi mọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó ń fún mi ní ọ̀wọ̀ àlejò. Ó ní, "Ẹ ṣé o, màmá. Èyí kọ́ ni tèmi. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà máa mú tèmi wá. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ lónìí ni."

Ọjọ́ mẹ́rin, Tuija. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti ń sọ pé ó kàn pẹ́ díẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ dé ilé Bàbá. Mo jókòó tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, tí yìnyín ń yọ́ sílẹ̀ ilé rẹ̀, kò bá mi wí. Mo ní, "Bàbá, Sointu ti sọ fún mi. Kí ló dé tẹ́ ò lè sọ fún mi látẹ̀yìn wá?"

Ó ní, "O ti fọwọ́ sí ìwé."

Mo ní, "Torí ìwé lásán-làsàn? Kí ẹ kú sójú títì torí ìwé?"

Ó ní, "Kì í ṣe ìwé lásán. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni. Tí mo bá sọ fún ọ, o ní láti yan ọ̀kan, kí ìyá rẹ máa gbọ̀n tàbí kí ìwọ di èké. Mo wò ó pé kí n má gbé ìyẹn lé ọ lórí."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo ń rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ó ń ronú nípa tèmi ni. Ìwé ìròyìn yẹn pàápàá, ẹ̀bi mi ni. Mo bá a wí nítorí òwú, kò sì fẹ́ kí n tún bá a wí, ló bá wá nǹkan mìíràn bo àyà. Bọ́ọ̀sì tó ní ó tutù náà, mo ti wá lóye rẹ̀. Èèyàn jókòó jẹ́jẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, aṣọ tó bá wọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìyá ò ní gbóná tó bí ti ẹni tó wa kẹ̀kẹ́.

Ó wá bi mí bóyá mo ti gbìyànjú láti fún un ní tèmi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé ó gbóná. Mo ní ó gbóná. Ó ní ṣé ó gbà á. Mo sọ ohun tí Ìyá sọ fún un, gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ó ní mo pẹ́?"

Mo ní, "Ó ní ẹ pẹ́ díẹ̀."

Bàbá dìde. Ó ní, "Mi ò pẹ́ rí."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé mi, mo fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní atẹ́gùn, mo tì í wá fún un.

Mo ti bá ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà sọ̀rọ̀, láìdárúkọ Sointu. Obìnrin náà ò burú. Ó ní kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n á dá mi lóhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ ọ́. Kí ìdáhùn tó dé, èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé ni mo ń bá wọn gbé irun àgùntàn wọlé báyìí. Mo ra méjì sí i fún Bàbá, ọ̀kan ń gbé inú báàgì rẹ̀ fún àbọ̀. Kò sí ìwé ìròyìn mọ́. Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún mi nìyẹn, ó sì ń pa á mọ́.

Lánàá, ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí mi ò níṣẹ́, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí mo rí, torí mi ò fẹ́ tàn ọ́. Kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó lè mí. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi afárá, ó ti kẹ̀kẹ́ kọjá, ọwọ́ kan lórí irin afárá. Níbi tí yìnyín ti dán, ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ náà yẹ̀, èmi tí mo wà lẹ́yìn ni mo kígbe. Òun ò kígbe. Ó mú un tọ́ padà, ó ń lọ. Nígbà tí a dé, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó jáde, ó fi aṣọ náà fún Ìyá. Ìyá gbé e sójú, ó ní, "Ẹ kú òtútù o, onílẹ́tà." Bàbá ní, "Òtútù náà kú sùúrù." Ó wọ̀ ọ́ fún un, ó di bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Ìyá sì jẹ póríìjì rẹ̀ tán, ó tún béèrè òmíràn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Sọ fún ọmọ tó ń wa mọ́tò pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́nu iná ilé ìwé ní kó rọra. Pertti ní kí o bá òun mú òróró ólífì wá. Mo ní kó dákẹ́, pé ẹrù rẹ máa wúwo, àmọ́ tí àyè bá wà, mú un wá. Bàbá kò ní kí n sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní mò ń kọ̀wé sí ọ, ó lọ mú àwòrán rẹ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó nù ún, ó sì gbé e padà.

Tuija, ó ṣeé ṣe kó ṣubú. Ó lè jẹ́ ọ̀la, ó lè jẹ́ kí o tó dé. Mo ti rò ó síwájú, mo ti rò ó sẹ́yìn, ó ti rẹ̀ mí láti máa rò ó. Tí o bá rí ìpè mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó tutù, ní àkókò tí o mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ló yẹ kí n wà, gbé e. Má bi mí pé ta ló gbé kẹ̀kẹ́ fún un. Èmi ni. Mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mo ń tì í lọ.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ti rẹ̀,
                                                  Irmeli